Nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà ayé sílẹ̀ fún olè

Ọjọ́ Good Friday ni, ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 2024. Bí àwọn kan ṣe wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn mìíràn ń di ẹrù tí wọ́n máa gbé rìnrìn-àjò ọdún Àjíǹde, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Andres Freund jókòó ti kọ̀ǹpútà ẹ̀, tó ń kọ lẹ́tà kan tó máa ba ìsinmi ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Microsoft ni Freund, ó sì wà lára àwọn tó ń ṣe PostgreSQL, ìyẹn ètò tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn. Kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe ọdẹ, kò sì sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ pé kó lọ mú olè wá.

Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe jẹ́jẹ́. Ó fẹ́ wo bí PostgreSQL ṣe ń yára sí, ó sì fẹ́ kí gbogbo ohun tó kù lórí ẹ̀rọ náà dákẹ́ kí òǹkà òun lè péye. Ibẹ̀ ló ti ṣàkíyèsí pé sshd, ìyẹn ètò tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà náà, ń jẹ agbára ẹ̀rọ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wọ̀n ọ́n. Wíwọlé sórí ẹ̀rọ tó ti máa ń gba nǹkan bíi 0.3 sẹ́kọ́ǹdù ti di 0.8. Ìdajì sẹ́kọ́ǹdù péré! Ẹlòmíràn á ní kí ló kan òun, á pọ́n tíì ẹ̀, á máa bá iṣẹ́ lọ. Freund ò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀. Ó tọpa ẹ̀ lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀ títí tó fi bá a délé, ilé tó sì bá a dé ya òun alára lẹ́nu: xz.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ xz, kò sí ẹ̀bi yín níbẹ̀. Iṣẹ́ xz ni láti fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, bí ìgbà téèyàn bá tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ dáadáa nínú àpótí kí àpótí lè gbà á. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux ló wà lórí ẹ̀. Kò níṣẹ́ kankan í ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń tẹ aṣọ sínú àpótí nínú yàrá, kí ló fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ géètì ṣe? Àmọ́ nígbà tí Freund tú u wò, ó rí i pé ẹnì kan ti ki nǹkan bọ inú ẹ̀dà 5.6.0 tó jáde lóṣù kejì ọdún náà, àti 5.6.1 tó tẹ̀ lé e lóṣù kẹta. Ohun tí wọ́n ki bọ̀ ọ́ yìí, ẹnu ọ̀nà gan-an ló ń wá lọ. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ kan lọ́wọ́ lè gba ẹ̀bùrú wọlé láti ibi yòówù kó wà láyé, kó pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà bó ṣe wù ú, láìmú páásíwọ́ọ̀dù wá. Àwọn tó ń fi òǹkà díwọ̀n bí irú àléébù bẹ́ẹ̀ ṣe burú tó fún un ní 10 nínú 10.

Orí ló kó wọn yọ. Àwọn ẹ̀dà Linux tí wọ́n ṣì ń dán wò, bíi ti Debian àti Fedora, ni nǹkan náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò tíì dé ẹ̀dà tí báǹkì àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń gbé iṣẹ́ wọn lé.

Gbogbo ariwo tó tẹ̀ lé e, orí olè náà ni wọ́n ń pa á lé: ta ni, orílẹ̀-èdè wo ló rán an, ọdún mélòó ló fi ń ṣọ́ wọn? Ọ̀rọ̀ olè dùn-ún gbọ́, kò síyẹn. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tó ju ti olè lọ, òun sì ni àwọn tó ń kọ kóòdù ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé lórí: báwo ni xz ṣe dé inú ilé sshd? Ta ló mú un wá síbẹ̀?

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé èèyàn, ó yẹ kó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní láíbìrì nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe ilé ìkàwé o. Iṣẹ́ tí ẹnì kan ti ṣe sílẹ̀ ni, tí ẹlòmíràn lè mú lò nínú tiẹ̀ láìtún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí télọ̀ ò ṣe ń hun aṣọ fúnra ẹ̀, tí kì í ro bọ́tìnnì, tó jẹ́ pé ọjà ló ti ń rà wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ń kọ áàpù máa ń mú láíbìrì yìí fún ìṣirò, èyí fún àwòrán, tọ̀hún fún ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́. Ìyẹn ò burú. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé láíbìrì náà máa ń fara ti láíbìrì mìíràn, ìyẹn á tún fara ti òmíràn. Ẹni tó rò pé ẹyọ kan lòun mú wọlé á kàn rí i pé ìdílé odidi ló kó wọ pálọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí sshd gan-an nìyẹn. Àwọn tó ṣe sshd, ìyẹn àwọn OpenSSH, ò mọ̀ xz rí, wọn ò pè é, wọn ò lò ó. Àmọ́ àwọn tó ń pín Linux kiri, bíi Debian àti Fedora, ní ọ̀gá kan lórí ẹ̀rọ tó ń jẹ́ systemd. Òun ló ń jí gbogbo òṣìṣẹ́ dìde nígbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ. Wọ́n fẹ́ kí sshd máa sọ fún ọ̀gá yìí tó bá ti jí tán pé òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó dáa ni. Láti lè jíṣẹ́ yìí, wọ́n tún sshd ṣe, wọ́n so ó mọ́ libsystemd, láíbìrì tí àwọn systemd fúnra wọn ṣe. Libsystemd ò mọ iṣẹ́ kan ṣoṣo; ó ń jíṣẹ́, ó tún ń ka ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ. Torí pé wọ́n lè ti fún ìwé àkọsílẹ̀ pọ̀, libsystemd so ara ẹ̀ mọ́ láíbìrì xz kó lè tú u. Bí xz ṣe gba ẹ̀yìn libsystemd wọlé nìyẹn, tó wá ń bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sùn nínú yàrá kan náà.

Iṣẹ́ tí wọ́n ní kó jẹ́ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: READY=1. Tí ẹ bá kà á, ẹ ó rí i pé lẹ́tà àti àmì tó wà nínú ẹ̀ ò ju 7 lọ. Ẹni tó mọ kóòdù kọ díẹ̀ lè kọ èyí tó máa fi í ránṣẹ́ kí ìrẹsì tó wà lórí iná tó jinná. Ó dà bí ìgbà tí ìyá kan ní kí aládùúgbò bá òun sọ fún bàbá onílé pé òun ti dé láti ọjà, tí aládùúgbò wá kó ìyàwó, ó kó ọmọ, ó kó àlejò tó sùn sílé ẹ̀ mọ́jú, tí gbogbo wọn sì wá ń gbé ọ̀dọ̀ ìyá náà. Àlejò yẹn ló wá jẹ́ olè.

Ó sì yẹ kéèyàn sọ ti àlejò náà díẹ̀. Lasse Collin, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló ń tọ́jú xz láti ọdún pípẹ́, kì í gbowó oṣù nídìí ẹ̀. Lọ́dún 2021 ni ẹnì kan tó pe ara ẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ ránṣẹ́, iṣẹ́ tó dáa, iṣẹ́ tó mọ́. Nígbà tó di 2022, àwọn kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Collin lẹ́nu pé iṣẹ́ ẹ̀ falẹ̀ jù, kó fi ẹlòmíràn kún un. Ó sọ fún wọn pé iṣẹ́ àfipawọ́ tí kò lówó nínú lòun ń ṣe, pé ara òun ò sì fi bẹ́ẹ̀ yá. Wọn ò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, Jia Tan di igbákejì, ó di ẹni tó lè gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Nígbà tó sì máa ki ohun ibi náà bọ̀ ọ́, inú fáìlì tí wọ́n ní àdánwò làwọn wà fún ló fi pa mọ́ sí, níbi tí kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ọjọ́ tí àṣírí ti tú ni Jia Tan ti pòórá. Orúkọ lásán ló fi sílẹ̀.

Tí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Jia Tan ni aláǹgbá o, àmọ́ àwọn tó fi libsystemd jíṣẹ́ oníọ̀rọ̀ kan ló la ògiri. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe ni wọ́n ṣe. Ó wà ńlẹ̀, ó rọrùn, wọ́n mú un.

Àwọn kan ti kọ́gbọ́n irú ẹ̀ ṣáájú, wọ́n tún gbàgbé. Lóṣù kẹta ọdún 2016, Azer Koçulu, tó ń kọ kóòdù, àti ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Kik fa orúkọ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Koçulu ti fi orúkọ náà sọ iṣẹ́ ẹ̀ kan lórí npm, ìyẹn ọjà tí àwọn tó ń kọ JavaScript ti ń mú láíbìrì. Àwọn npm gba orúkọ náà, wọ́n fún ilé-iṣẹ́ yẹn. Inú bí Koçulu, ló bá kó gbogbo ẹrù ẹ̀ kúrò lọ́jà, 273 ni wọ́n kà. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ left-pad. Ìlà 11 péré ni! Gbogbo ohun tó ń ṣe ni láti fi àlàfo tàbí òdo sí iwájú ọ̀rọ̀ kó lè gùn tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ká wí, ká gbà, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kóòdù lè kọ ọ́ lọ́jọ́ kan. Àmọ́ láíbìrì ńláńlá bíi Babel ti fara ti àwọn kan, àwọn yẹn ti fara ti left-pad, nígbà tí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò, iṣẹ́ dúró káàkiri ayé. Àwọn tí ò gbọ́ orúkọ left-pad rí ló ń pariwo pé ẹ̀rọ àwọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Wákàtí bíi méjì sí mẹ́ta ló gba npm kí wọ́n tó dá a padà. Ẹ̀gàn ńlá ni fún àgbà iṣẹ́ pé ìlà 11 lè dá a dúró sójú ọ̀nà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n rò pé ẹni tó ń kọ áàpù àti ẹni tó ń kọ láíbìrì, ọ̀kan náà ni wọ́n. Rárá o. Ẹni tó ń kọ áàpù, ilé ara ẹ̀ ló ń kọ́. Tó bá yá nǹkan, òun ló máa san án, tí nǹkan ọ̀hún bá bàjẹ́, orí òun àti àwọn oníbàárà ẹ̀ ló máa bàjẹ́ lé. Àmọ́ ẹni tó ń kọ láíbìrì, orúkọ ẹlòmíràn ló ń fi yá nǹkan. Gbogbo ohun tó bá so mọ́ra ló ti so mọ́ ẹni tó bá lò ó, àtẹni tó bá lo ẹni náà, láì bi wọ́n. Gbèsè àjẹsílẹ̀ ni, ọmọ-ọmọ ni wọ́n sì máa wá sin. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọwọ́ ẹni tó ń ṣe láíbìrì le ju ti àwọn tó kù lọ.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tó ń gbà dà wọ́n láàmú. Ẹ fojú inú wò ó pé áàpù kan mú láíbìrì méjì lò. Àkọ́kọ́ ní ẹ̀dà àtijọ́ láíbìrì kẹta kan lòun fẹ́, èkejì ní òun ò lè bá ẹ̀dà àtijọ́ ṣe, tuntun lòun ń lò. Ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà ló wà tí àwọn ẹ̀dà méjèèjì ò ti lè gbé inú ilé kan. Ta ló máa wá parí ìjà? Ẹni tó ni áàpù, tí kò mọ nǹkan kan nípa láíbìrì kẹta yẹn, tí kò sì pè é! Tọ́mọ bá sọnù bẹ́ẹ̀ tán, ọjọ́ mélòó kan ló máa fi wá a. Ká ní àwọn méjèèjì fara dà á kí wọ́n kọ ìlà ogún tí wọ́n nílò fúnra wọn ni, wàhálà kankan ò ní sí.

Èyí ló mú kí àwọn kan máa pariwo pé kí láíbìrì má fara ti ẹnikẹ́ni mọ́, kí oníkálùkù ṣe tiẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbóná sí wọn lórí. Ta ló máa fúnra ẹ̀ kọ ètò tó ń fi àṣírí pa mọ́, èyí tí báǹkì fi ń dáàbò bo owó? Iṣẹ́ àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ìṣirò ni. Ẹni tó bá dá ti ara ẹ̀ ṣe, tó bá ti ń bá a ṣiṣẹ́, á rò pé ó dáa, olè nìkan ló máa mọ̀ pé kò dáa. Ọ̀rọ̀ aago náà ńkọ́? Èèyàn lè rò pé kí ló le nínú kí kọ̀ǹpútà mọ aago tó ń lù. Lọ́dún 2023, ìjọba Íjíbítì kéde lóṣù kẹta pé láti òpin oṣù kẹrin, àwọn á tún máa sún aago síwájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ohun tí wọ́n ti pa tì láti ọdún bíi mélòó kan. Oṣù bíi méjì ni wọ́n fún gbogbo ayé. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tẹ̀ lé irú ìkéde bẹ́ẹ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ní òun á máa dá a ṣe, iṣẹ́ ayé ẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, kì í ṣe bí nǹkan ṣe kéré tàbí tóbi nìkan ni kí wọ́n máa wò. Kí wọ́n wo ohun tó máa ná wọn láti ṣe é dáadáa fúnra wọn, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tí àlejò máa kó dání. READY=1 ò ná wọn ní nǹkan kan. Àṣírí pípamọ́ máa ná wọn ní ọdún mẹ́wàá. Ó sì yẹ kí wọ́n mọ ẹni tó wà nídìí ohun tí wọ́n ń mú, ṣé èèyàn kan ṣoṣo tó ti rẹ̀ ni, àbí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbowó.

Ohun kan tún wà tí àwọn aláìbìkítà kì í rò: àwọn ohun kan ò sí lọ́wọ́ ẹni tó ṣe láíbìrì láti yàn. Ẹ wo Log4j, tó ń bá àwọn ètò tí wọ́n fi Java kọ ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lóṣù kejìlá ọdún 2021, wọ́n rí ihò kan nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó bá sáà ti lè mú kí ètò náà kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé àkọsílẹ̀ ti lè gba àkóso ẹ̀rọ. Òun náà gba 10 nínú 10. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Google kà á, láíbìrì Java tó lé ní 35,000 ló kàn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò mú Log4j fúnra ẹ̀; ẹni tí wọ́n mú ló mú un, tàbí ẹni tí ẹni yẹn mú. Ó sì gba àkókò gan-an kí wọ́n tó tún un ṣe, torí ẹni ìsàlẹ̀ ní láti kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀ kí ẹni òkè tó lè ṣe. Bẹ́ẹ̀, kí ló kan láíbìrì tó ń ṣírò owó-orí pẹ̀lú irú ìwé àkọsílẹ̀ tí onílé fẹ́ lò? Kó sọ ohun tó rí, kí onílé kọ ọ́ síbi tó bá wù ú.

Àwọn kan ti gbé ọ̀nà tó le yìí dé òpin ẹ̀. SQLite, tí Richard Hipp bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000, wà lórí gbogbo fóònù Android àti iPhone. Tí ẹ bá ní fóònù lọ́wọ́ báyìí, ó wà níbẹ̀, ó ń tọ́jú orúkọ àti nọ́ńbà àwọn èèyàn yín. Kò fara ti láíbìrì ẹnikẹ́ni àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá èdè C wá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, fáìlì ńlá kan ló máa gbé, tó máa fi sínú tiẹ̀, ó parí. Hipp tiẹ̀ kọ ètò tó fi ń tọ́jú kóòdù ẹ̀ fúnra ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nírú sùúrù yẹn, kì í sì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ aṣọ à-yá-wọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn. Bí ò bá fún un lápá, á há a lọ́rùn. Ti SQLite bá a mu rẹ́gí.

Lẹ́yìn tí ìjì xz rọlẹ̀, àwọn èèyàn padà sídìí ìlà kóòdù wọn. Àwọn systemd ti ń yí tiwọn padà kí Freund tó kọ lẹ́tà rárá: libsystemd ò ní máa kó láíbìrì tó ń tú fáìlì dání gbogbo ìgbà mọ́, ó dìgbà tí ẹnì kan bá ní kó tú fáìlì. Àwọn kan gbà pé bóyá ìyẹn gan-an ló mú kí olè náà máa kánjú. Ní ti àwọn OpenSSH, nígbà tí ẹ̀dà 9.8 jáde lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù keje, ọdún 2024, wọ́n fi èyí kún un: sshd á máa fúnra ẹ̀ sọ fún systemd pé òun ti jí. Kò sí libsystemd níbẹ̀, kò sí alárinà kankan. Ìlà kóòdù díẹ̀ ni wọ́n kọ.

Lasse Collin náà padà síbi iṣẹ́ ẹ̀. Ó yẹ gbogbo ohun tí Jia Tan ti fọwọ́ kàn wò, ó yọ ohun ibi náà kúrò, ó sì gbé ẹ̀dà 5.6.2 jáde lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2024, oṣù méjì gééré lẹ́yìn Good Friday yẹn.